Òpin Ìwé Tí Ìyá Àgbà Kò Gbà

Lọ́dún tí mo parí yunifásítì, tí mo ń retí kí wọ́n pè mí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, iṣẹ́ tí mo rí ṣe nílé ni pé kí n máa bá àǹtí mi tẹ ìwé wọn sórí kọ̀ǹpútà. Àǹtí mi yìí ni àbúrò bàbá mi obìnrin. Tíṣà ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, ìwé ìfẹ́ ni wọ́n sì fẹ́ràn jù láyé, pàápàá èyí tí ìtàn rẹ̀ bá ti pẹ́: ọmọ ọba, jagunjagun, ẹṣin, aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ débi pé tí wọ́n bá ti ka ojú ewé díẹ̀, wọ́n á sọ ẹni tó máa fẹ́ ẹni fún ọ. Nígbà tí wọ́n wá pinnu láti kọ tiwọn, wọ́n ní Yorùbá làwọn máa fi kọ ọ́, nítorí pé ìyá àwọn làwọn ń kọ ọ́ fún, ìtàn ìyá àwọn náà sì ni.

Ìyá wọn yìí, tó jẹ́ ìyá bàbá mi, ni gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọ̀fà ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọge ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ rélùwéè wá sí Kánò láti wá fẹ́ ọkùnrin tí wọn ò rí rí àfi nínú fọ́tò. Bí ọ̀pọ̀ ará ilé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya ṣe ń gbéyàwó láyé ìgbà náà nìyẹn. Ọkùnrin á fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé, àwọn òbí á wá ọmọ tó níwà, wọ́n á ṣe ìdána láìsí ọkọ níbẹ̀, àbúrò ọkọ á sì mú ìyàwó wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò gbé ìlú mìíràn mọ́. Wọn kì í lọ sí Ọ̀fà àfi tí ìnáwó tàbí òkú bá gbé wọn dé ibẹ̀. Sabon Gari ni wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti di opó, inú ilẹ̀ Kánò ni bàbá àgbà sì wà.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀, Ìyá Àgbà ṣubú nílé ìwẹ̀. Egungun kankan kò dá, ṣùgbọ́n àyà bàbá mi já. Bompai ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í tètè dé. Ìyá mi ń ta oúnjẹ ní Brigade, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó kó ìkòkò wọlé. Bàbá mi pe ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Ọ̀fà lórí fóònù, àwọn méjèèjì sì fẹnu kò pé kí Ìyá Àgbà padà sílé pátápátá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tilẹ̀ ti tún yàrá kan ṣe dè wọ́n, wọ́n ti kun ún, wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́kàn mi nígbà náà, mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti ṣì í. Arúgbó tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lè tún ṣubú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ni bàbá mi fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Mo rò pé ariwo máa wà. Kò sí. Ìyá Àgbà tú gèlè funfun tí wọ́n wé lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣẹ́ ẹ pọ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, pé ohun kan ṣoṣo làwọn ń fẹ́: kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ìparí ìwé tí ọmọ àwọn ń kọ nípa àwọn kí àwọn tó lọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Láti ìgbà náà, gbogbo wa mọ̀ pé ọjọ́ tí ìwé bá parí ni ẹrù Ìyá Àgbà máa wọ mọ́tò.

Báyìí ni ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wa ní Niger Street la máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, Ìyá Àgbà lórí àga ike wọn, ife kúnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àǹtí mi lórí ẹní pẹ̀lú bíró lọ́wọ́, èmi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Èmi ni mò ń kà á, nítorí Ìyá Àgbà ní tí àǹtí mi bá ń kà á, ńṣe ló ń dà bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù gbé. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò, ọ̀pọ̀ wa kì í fi Yorùbá dáhùn. A gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Hausa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wa. Ohun tó jẹ́ kí n lè kà á ni pé Bíbélì Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wa. Nítorí náà, ohùn tí mo fi ń ka ìwé ìfẹ́ náà, ohùn ẹni tó ń ka Sáàmù ni. Ìyá Àgbà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa ṣe "àmín" níbi tí kò yẹ.

Ìwé náà kò jọ èyí tí àǹtí mi máa ń rà. Wọ́n mọ gbogbo ọ̀nà tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń gbà, wọ́n sì fẹ́ máa bá òǹkàwé ṣeré lójú ọ̀nà náà. Níbi tó yẹ kí òjò rọ̀ sórí ọmọge àti olólùfẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìwọ òǹkàwé, mo mọ̀ pé òjò lò ń retí. Kánò la wà, ọyẹ́ sì ti dé. Gba eruku." Níbi tó yẹ kí arúgbó olówó fẹ́ fi tipátipá gba ọmọge lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, arúgbó náà dé, ó jókòó, ó mu omi, ó ní ìyọnu àwọn ìyàwó tó wà nílé ti tó òun, ó súre fún wọn, ó lọ. Ọkọ ìyàwó, tó yẹ kó ga bí igi ọ̀pẹ, kúrú. Wọ́n kọ ọ́ gbangba pé nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, kò jẹ́ kí ayàwòrán yà á kọjá àyà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ bí ẹsẹ̀ ṣe gùn tó.

Ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀ yẹn, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Òótọ́ ni, wọ́n kúrú," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n wọn ò kúrú tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Fi díẹ̀ kún un."

Àǹtí mi ní, "Màmá, inú ìwé ni wọ́n ti kúrú."

"Ìwé tìẹ ni. Ọkọ tèmi ni."

Mo fi díẹ̀ kún un.

Níbẹ̀rẹ̀, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ìyá Àgbà gbà kí wọ́n fi ẹwà tí àwọn ò ní kún tiwọn. Wọ́n gbà kí bàbá wọn, tó jẹ́ àgbẹ̀, di baálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú irin inú ìwé ṣe ń sún mọ́ Kánò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí àṣìṣe sí i. Ní Jẹ́bà, níbi tí ọkọ̀ ti gba orí afárá kọjá odò Ọya, àǹtí mi jẹ́ kí ọmọge náà sunkún ilé. Ìyá Àgbà ní àwọn ò sunkún, oorun làwọn ń sùn. A tún un ṣe. Ní Mínà, òṣùpá yọ. Ìyá Àgbà ní òṣùpá kankan ò yọ, pé èéfín ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fèrèsé, pé tó bá tiẹ̀ yọ, ta ló rí i? A pa òṣùpá rẹ́. Nígbà tí a kúrò ní Kàdúná, wọ́n rántí pé obìnrin kan jókòó tì wọ́n tó gbé adìyẹ, adìyẹ náà sì yé ẹyin sórí ẹsẹ̀ wọn, ẹyin yẹn sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé, nítorí òun ni àwọn fi mọ̀ pé ìgbéyàwó àwọn máa lọ́mọ.

Bàbá mi á dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á béèrè ibi tí a bá ìwé dé.

Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé a dé Sàríà.

"Sàríà náà lẹ wà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"A padà sí Mínà, sà."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìyá wọn tó ń fi ọwọ́ nu ẹnu ife kúnú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, wọ́n wọlé.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo wò ó pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà túmọ̀ ohun tí Ìyá Àgbà ń ṣe. Ó lè jẹ́ pé òtítọ́ ni wọ́n ń wá. Ó sì lè jẹ́ pé wọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀. Ohun tó mú mi tẹ̀ sí ìkejì ni pé irọ́ tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé ju èyí tó wà níparí lọ, wọn ò sì bá ti ìbẹ̀rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn rántí ìparí ìrìn-àjò ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi náà lè ti fura. Mo wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n pe àǹtí mi sí ẹ̀gbẹ́ kan ní pálọ̀, tí wọ́n ní kí àǹtí mi jọ̀ọ́ kọ ìparí ìwé náà kí ó dùn, kí ìyàwó inú ìwé di arúgbó, kó padà sílé láàárín ẹbí rẹ̀, kí ọkàn Ìyá Àgbà lè rọ̀ sí ìrìn-àjò náà. Àǹtí mi ní ó dáa.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo ka orí tó kẹ́yìn. Bàbá mi wà nílé, wọ́n gbé àga wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní Kánò, Ìyá Àgbà kò sọ nǹkan kan. Ọkọ ìyàwó wá pàdé ìyàwó ní ibùdókọ̀, ó kúrú níwọ̀n, Ìyá Àgbà kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ. Àwọn ìyàwó ilé tò sí apá ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń kọrin, wọ́n bu omi tútù sínú igbá tuntun, wọ́n sì wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kí ó tó wọlé, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ó dùn gan-an. Èmi fúnra mi ṣàkíyèsí pé níbí nìkan ni àǹtí mi kò ti bá òǹkàwé ṣeré. Lẹ́yìn náà ni ìwé fo ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá arúgbó kan jókòó sábẹ́ igi ní Ọ̀fà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yí i ká, ó ní òun ti délé. Ó parí.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lójú títì.

"Ta ni ìyá arúgbó yẹn?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

Àǹtí mi ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi kọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Wọ́n ní kí n padà sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Mo padà síbẹ̀. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ àǹtí mi pé àwọn ìyàwó ilé wo ló wà ní Sabon Gari nígbà náà? Ilé ọkùnrin ni. Yàrá kan ṣoṣo ni bàbá àgbà gbà, àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin ló gba ìyókù, obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sì ti gba ọjà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá bàbá àgbà sì ti kìlọ̀ láti Ọ̀fà pé ìyàwó kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà láì wẹ ẹsẹ̀. Ọkọ kì í wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Àbúrò ọkọ náà ò lè ṣe é. Oòrùn ń mú, ìyàwó dúró lójú títì pẹ̀lú àpótí lórí, ọkọ ń wò yányán.

Ẹni tó ń bọ̀ ni mẹ́ruwà, ìyẹn bàbá Hausa kan tó ń fi agolo ta omi láti ilé dé ilé. Bàbá àgbà dá a dúró. Hausa tí wọ́n gbọ́ nígbà náà kò ju kí wọ́n fi ra iṣu lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ka sí omi, wọ́n tọ́ka sí ẹsẹ̀ ìyàwó. Bàbá náà wo ìyàwó. Ó rí obìnrin tó fi ìborùn bo orí, tó ti ìrìn-àjò dé, tó fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jẹ́ àkókò ìrun ọ̀sán. Ohun tó yé e ni pé ó fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó sì yé e pé kò mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó sọ agolo kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe fún un: kí ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́, kí ó yọ omi lẹ́nu, kí ó fín omi símú, kí ó bọ́jú, kí ó fọ apá dé ìgunpá, kí ó fi omi ra orí àti etí. Ó ń da omi sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, kò gbé ojú kúrò níbi tí omi ń dà sí.

"Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gba ìyàwó wọlé ní ìlú ibí nìyẹn," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo ní, ìlú yìí mà mọ́ tónítóní o. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá yín dúró síbẹ̀, wọn ò lè dá àgbàlagbà dúró. Ẹsẹ̀ ló kẹ́yìn. Nígbà tó wẹ ẹsẹ̀ mi tán, ó gbàdúrà fún mi, tí mo wá mọ̀ nígbà tí mo gbọ́ Hausa pé ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí a gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà. Mo ṣe àmín. Mo wọlé."

Bàbá mi ti tẹ orí ba. Mo rò pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Nígbà tí wọ́n gbé ojú sókè, mi ò lè sọ bóyá ẹ̀rín náà ni.

"Ẹ ò sọ ọ́ fún wa rí, Màmá."

"Ẹ ò bi mí."

Bàbá mi fa àga wọn sún mọ́ ti Ìyá Àgbà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kí Ìyá Àgbà má ṣe jẹ́ kí ó dà bíi pé ibi burúkú ni wọ́n fẹ́ gbé wọn lọ. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Èmi náà ti bọ̀ láti oko. Ibi tí mo bọ̀ sí nìyí."

"Màmá."

"Gbọ́ mi, bàbá mi. Ìyàwó tí wọ́n bá ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í padà sílé bàbá rẹ̀ mọ́, àfi tó bá kọ ọkọ. Ọkọ mi wà nínú ilẹ̀ níbí. Kí ni wọ́n ṣe fún mi tí ẹ fi ní kí n kọ̀ wọ́n sílẹ̀?"

Mo wá ìdáhùn bá bàbá mi nínú ọkàn mi, torí mo ṣì gbà pé ọ̀rọ̀ ìṣubú náà ṣe pàtàkì. Mi ò rí èyí tó bá ìbéèrè náà mu. Àǹtí mi na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lórí itan mi, wọ́n wá ibi tí ìyá arúgbó ti jókòó sábẹ́ igi, wọ́n sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ níṣojú bàbá mi. Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kejì, bàbá mi pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Ọ̀fà. Wọ́n jẹ́ kí fóònù ké síta kí Ìyá Àgbà lè gbọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn bínú. Wọ́n ní àwọn ti kun yàrá, àwọn ti sọ fún gbogbo ẹbí, kí ló tún ṣẹlẹ̀? Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀nà kò dára, wọ́n pa ìyẹn tì, wọ́n sọ òótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ní àwọn ò kọ bàbá."

Ẹ̀gbọ́n wọn ní ó dáa, àwọn máa fi ayálégbé sí yàrá náà. Ìyá Àgbà ké láti orí àga wọn pé kí ayálégbé náà jẹ́ onígbàgbọ́, kó sì má jẹ́ ẹni tó ń gbó bí ajá. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Bàbá mi gba obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bá Ìyá Àgbà jókòó lọ́sàn-án.

Àǹtí mi máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ìwé àwọn ló dá Ìyá Àgbà dúró sí Kánò. Mi ò lè gba ìyẹn bẹ́ẹ̀. Ìwé náà ló fẹ́ gbé wọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ dáadáa á sọ pé ìwé náà fún Ìyá Àgbà láyè láti sọ ohun tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Bàbá mi ní tiwọn kò gbà pé ìwé kankan dá sí i. Wọ́n ní ènìyàn kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀.

Ìlú kan ní apá gúúsù ni mò ń gbé báyìí. Yorùbá ni wọ́n ń sọ lójú títì, ní báńkì, nínú mọ́tò. Mo rò pé inú mi máa dùn sí i. Ó dùn mọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá tí mo mọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń bá nílé tó bá ti ilẹ̀kùn ìta, bí oúnjẹ tí wọ́n bò dè ọ́. Ibí yìí, kò sẹ́ni tó bò ó. Ìgbà míì tí mo bá ń gbọ́ ọ káàkiri, ohùn Ìyá Àgbà tó ń bá òṣùpá Mínà jà ni mò ń wá nínú rẹ̀.

Kí n tó kúrò ní Kánò, àǹtí mi ti kọ orí tó kẹ́yìn lákọ̀tun. Mẹ́ruwà wà níbẹ̀ pẹ̀lú agolo rẹ̀. Wọn ò bá òǹkàwé ṣeré níbẹ̀, wọn ò sì fi ohunkóhun kún un. Ìyàwó wọlé, ìwé sì parí. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ títí, wọn ò ṣe àtúnṣe kankan.

Èmi ni mo ní ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sọ fún wa lórí fóònù pé bàbá àgbà kò sọ ìtàn mẹ́ruwà fún àwọn rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ràn àwàdà. Àbúrò ọkọ tó wà níbẹ̀ ti kú. Kò sí ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, nígbà tó ku èmi àti Ìyá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rọra bi wọ́n bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Wọn ò bínú. Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo bá ka ẹsẹ Bíbélì kan ní àkàfò.

"Ọkọ mi, ìwọ tó kàwé," ni wọ́n wí, "bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló wẹ ẹsẹ̀ mi?"

Mo rò ó títí. Ilé ọkùnrin ni, obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ti gba ọjà lọ. Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ̀.

"Yauwa," ni wọ́n wí, bí Hausa ṣe ń sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí n bá wọn bu kúnú sí i.